Ṣé mo ti pẹ́ jù láti di onítíọ́rì nínú condensed matter?

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló kọ̀wé pé: “Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 23 ni mí, físíìsì ni mò ń kọ́, ó ku ọdún kan kí n parí ní yunifásítì. Ìṣirò ni mo fẹ́ràn, n kì í fi bẹ́ẹ̀ gbádùn láàbù. Ó wù mí kí n di onítíọ́rì nínú condensed matter, ìyẹn ẹni tó ń fi ìṣirò ṣàlàyé ìwà àwọn nǹkan bí irin, kírísítálì àti òòfà, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ọlọ́pọlọ àràmàǹdà nìkan ló wà fún, pé ẹni tí kò bá tíì ṣe nǹkan gbòógì kó tó pé ọdún 26 ti pẹ́. Ẹlòmíràn ní kò sí nǹkan tuntun níbẹ̀ mọ́, pé kọ̀ǹpútà ló kù tó ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni àwọn èèyàn yìí ń ṣe gan-an láti àárọ̀ di alẹ́? Ṣé èèyàn sì lè fi iṣẹ́ náà jẹun títí ọjọ́ alẹ́?”

Àbúrò mi, ó hàn nínú lẹ́tà rẹ pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ló ń dẹ́rù bà ọ́ jù, ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Jẹ́ ká wo iṣẹ́ kan ṣoṣo. Lọ́dún 1911, ní ìlú Leiden, Heike Kamerlingh Onnes mú mẹ́kúrì tutù títí ó fi dé nǹkan bíi 4.2 Kelvin (nǹkan bíi -269 lórí òṣùwọ̀n Celsius), ó sì rí i pé ìdènà tí iná máa ń bá pàdé nínú irin ti pòórá pátápátá. Ohun tó bá ń ṣe báyìí ni wọ́n ń pè ní superconductor. Kí ló fà á? Einstein gbìyànjú ẹ̀, Bohr gbìyànjú ẹ̀, Heisenberg àti Feynman náà ò gbẹ́yìn, kò sí ìkankan nínú wọn tó rí i tú. Ọdún 46 ló gbà. Àwọn mẹ́ta tó tú u lọ́dún 1957 ni John Bardeen, Leon Cooper àti Robert Schrieffer. Schrieffer ò ju ọmọ ọdún 26 lọ, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá oyè ọ̀mọ̀wé ni. Cooper jẹ́ ọmọ ọdún 27. Bardeen ti di ẹni ọdún 49. Orí àpilẹ̀kọ kan náà ni orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà.

Ohun tí kálukú wọn gbé wá ló yẹ kí o fiyè sí. Cooper ló ti fi hàn lọ́dún 1956 pé bí ẹ̀lẹ́kítíróònù méjì bá ń fa ara wọn, bó ti wù kí ìfà náà kéré tó, wọ́n á so pọ̀ di méjì-méjì. Schrieffer ló wá bí èèyàn ṣe lè kọ àìlóǹkà irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bardeen ní tirẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ka èsì láàbù: ó mọ̀ pé lọ́dún 1950, wọ́n ti rí i pé bí átọ́ọ̀mù mẹ́kúrì bá ṣe wúwo sí ló ń yí ìwọ̀n òtútù tí ìdènà náà ti ń pòórá padà, èyí tó túmọ̀ sí pé ìgbọ̀nrìrì àwọn átọ́ọ̀mù lọ́wọ́ sí ọ̀rọ̀ náà. Láìsí ẹni tó mọ èsì wọ̀nyí bí ẹní mowó, ibi tí kò yẹ ni àwọn ọ̀dọ́ méjèèjì ì bá ti máa wá a. Ó kù díẹ̀ kí Schrieffer pàápàá pa kókó náà tì ní ìparí ọdún 1956, kó gba òmíràn. Bardeen tó ń múra láti lọ gba Ẹ̀bùn Nobel rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Stockholm ló bẹ̀ ẹ́ pé kó fara dà á fún oṣù kan sí i.

Ibo wá ni ìtàn “kó tó pé ọdún 26” ti wá? Láti ọdún 1925 sí 1927 ni, nígbà tí ìmọ̀ kúáńtọ́ọ̀mù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde. Ọmọ ọdún 23 ni Heisenberg nígbà náà. Pápá tuntun ni, ohun tó yẹ kí èèyàn kà kó tó bẹ̀rẹ̀ kò tó nǹkan, ẹni tí kò tíì jìn nínú ọ̀nà àtijọ́ ló sì rọrùn fún láti yà kúrò níbẹ̀. Condensed matter ò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń bá àwọn nǹkan tí átọ́ọ̀mù wọn fún pọ̀ mọ́ra lò: irin, kírísítálì, gíláàsì, ohun olómi, òòfà. Onírúurú wọn pọ̀ lọ jàra, kálukú sì ní ìwà tirẹ̀. Ìrírí ló ń jẹ́ kí èèyàn mọ èyí tó jọ èyí. Walter Kohn ti lé ní ogójì ọdún nígbà tí òun àti àwọn alájọṣiṣẹ́ rẹ̀ gbé ọ̀nà ìṣirò tó gba Ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́místírì lọ́dún 1998 jáde, lọ́dún 1964 àti 1965. Michael Kosterlitz ní tirẹ̀ fẹ́ lọ sí CERN, ibùdó ìwádìí ńlá kan ní Geneva, láti máa ṣe físíìsì àwọn ohun kéékèèké inú átọ́ọ̀mù. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ló bá gba Birmingham lọ. Ibẹ̀ ló ti bá David Thouless pàdé, iṣẹ́ tí wọ́n sì jọ ṣe ní 1972 àti 1973 ló mú wọn wà lára àwọn tó gba Nobel lọ́dún 2016.

Àwọn tó ní kò sí nǹkan tuntun mọ́ kò purọ́ pátápátá, àmọ́ ìdajì òótọ́ ni wọ́n mú. Lọ́dún 1929, Paul Dirac kọ ọ́ pé òfin tó ń darí apá ńlá nínú físíìsì àti gbogbo kẹ́místírì ti di mímọ̀, pé ìṣòro tó kù ni pé ìdọ́gba tó ń ti inú àwọn òfin náà jáde ṣòro jù láti yanjú. Ó rọrùn láti fojú di “ìṣòro tó kù” yẹn. Mú àwọn òòfà kéékèèké tí à ń pè ní spin, kí o tò wọ́n sórí ìlà kan, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè kọjú sókè tàbí sísàlẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ 20, ọ̀nà 1,048,576 ni wọ́n lè gbà dúró, kọ̀ǹpútà alágbèéká á sì gbé e wẹ́rẹ́. Bí wọ́n bá jẹ́ 40, iye náà ti kọjá tírílíọ̀nù kan. Láti tọ́jú ipò kan ṣoṣo péré, bí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan bá gba báìtì 8, wàá nílò nǹkan bíi térábáìtì 8.8. Òòfà 40 péré nìyẹn o. Iye átọ́ọ̀mù tó wà nínú ègé irin kékeré jù ọ̀kẹ́ àìmọye lọ. Kò sí kọ̀ǹpútà tó máa lé èyí bá nípa agbára nìkan. Ohun tí Philip Anderson kọ nínú jọ́nà Science lọ́dún 1972 nìyẹn: bí nǹkan bá ti pọ̀, òfin tuntun máa ń yọjú tí èèyàn kò lè rí lára ẹyọ kan, òfin yẹn sì jinlẹ̀ bíi ti ìsàlẹ̀. Ẹ̀rí wà nílẹ̀. Lọ́dún 1986, Bednorz àti Müller rí superconductor kan nínú ohun tó ní kọ́pà àti ọ́síjìn, ní nǹkan bíi 35 Kelvin. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn ẹlòmíràn rí irú rẹ̀ kan tó kọjá 90 Kelvin. Títí di òní, àwọn onítíọ́rì kò tíì fẹnu kò lórí ohun tó fà á.

Kí wá ni wọ́n ń ṣe? Iṣẹ́ onítíọ́rì ni kó gé ohun tó wà nínú láàbù kù títí tó fi máa kéré tó láti yanjú, kí ohun tó fẹ́ mọ̀ má sì bá ohun tó gé dànù lọ. Ohun tó kù lẹ́yìn tó gé e tán ni módẹ́lì. Bí o bá gé e jù, ìdáhùn rẹ á dára lójú, kò sì ní í bá ohunkóhun láyé mu. Bí o kò bá gé e tó, o ò ní í rí i yanjú. Ibi tí o ti máa gé e yìí ni gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà, òun náà ni kò sì sí nínú ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ yín ní kíláàsì, nítorí pé ìwé ti bá yín gé tirẹ̀ tán.

Jẹ́ kí n fi ohun tí o lè fọwọ́ ara rẹ ṣe hàn ọ́, nítorí òun ló máa sọ fún ọ bóyá iṣẹ́ yìí wà fún ọ ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè sọ lọ. Mú spin 1/2 méjì (irú tó ní ipò méjì péré, òkè àti ìsàlẹ̀) tó fẹ́ kọjú síra wọn lódìkejì, èyí tí wọ́n ń pè ní módẹ́lì Heisenberg, kí agbára ìfà àárín wọn jẹ́ J. Kọ kóòdù tó máa to mátíríìsì 4 sí 4 rẹ̀, kó sì wá àwọn agbára rẹ̀ jáde. Èyí tó kéré jù gbọ́dọ̀ jẹ́ -0.75 J, àwọn mẹ́ta yòókù gbọ́dọ̀ jẹ́ +0.25 J. Bí o bá rí -1.25, o gbàgbé ìdajì tó yẹ kó wà níwájú apá tó ń yí spin méjèèjì po. Bí o bá rí -1.5, o ti ka ìsopọ̀ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mejì: kóòdù rẹ so ẹni ìkẹyìn mọ́ ẹni àkọ́kọ́ láìrántí pé àwọn méjì péré ló wà. Lẹ́yìn náà, to 4 sí òrùka. Ó yẹ kí o rí -2 J. Bí ó bá jẹ́ -1.616 ló jáde, òrùka rẹ ò pa dé, ìlà lásán ni. Tẹ̀ síwájú sí 6, 8, 10 àti 12, kí o fi iye spin pín agbára náà. Wàá rí -0.4671, -0.4564, -0.4515 àti -0.4489. Ìdáhùn tòótọ́ fún ìlà tí kò lópin ti wà nílẹ̀ láti ọdún 1938, nípa ọ̀nà tí Hans Bethe là lọ́dún 1931: -0.4431. Wo àlàfo tó kù. Ní 6, ó jẹ́ 0.0240, ní 12, ó jẹ́ 0.0058. Nígbà tí o sọ òrùka di ìlọ́po méjì, àlàfo náà di nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ohun tí o ṣe tán yìí, ìyẹn wíwo bí òrùka kékeré ṣe ń sọ ohun tí ìlà aláìlópin máa jẹ́, ni ọ̀pọ̀ onítíọ́rì ń fi ayé wọn ṣe.

Lẹ́yìn èyí, yí spin 1/2 padà sí spin 1, irú tó ní ipò mẹ́ta, nínú kóòdù kan náà, kí o wá wo àlàfo agbára tó wà láàárín ipò tó kéré jù àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ti spin 1/2 á máa sún mọ́ òdo bí òrùka ṣe ń gùn. Ti spin 1 kò ní í dé òdo. Nǹkan bíi 0.41 J ni yóò dúró sí. Lọ́dún 1983, Duncan Haldane sọ pé bó ṣe máa rí nìyẹn, ọ̀pọ̀ ò gbà á gbọ́, torí gbogbo èèyàn rò pé irú kan náà ni ìlà méjèèjì. Láàbù àti kọ̀ǹpútà ló wá dá a láre níkẹyìn, ó sì wà lára ohun tó mú un gba Nobel pẹ̀lú Thouless àti Kosterlitz. Ọ̀sẹ̀ méjì ti tó fún ọ láti fi ojú ara rẹ rí i.

O ní o kò gbádùn láàbù. Kò burú, ṣùgbọ́n má ṣe rò pé iṣẹ́ tíọ́rì á gbà ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. O kò ní í fọwọ́ kan ẹ̀rọ, àmọ́ o gbọ́dọ̀ lè wo àwòrán èsì tí ẹlòmíràn mú wá, kí o sì mọ ibi tí ariwo ẹ̀rọ ti parí tí òótọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2023, ìròyìn kan jáde láti Kòríà pé ohun kan tí wọ́n ń pè ní LK-99 jẹ́ superconductor láìsí pé wọ́n mú un tutù. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn onítíọ́rì ti fi kọ̀ǹpútà ṣírò bí ẹ̀lẹ́kítíróònù inú rẹ̀ ṣe ń rìn, wọ́n sì rí ohun tó jọ pé ó ń gbè é lẹ́yìn. Ìṣirò náà kò ní àṣìṣe tó burú. Ohun tí wọ́n ṣírò ni kì í ṣe ohun tó wà nínú láàbù. Kò pẹ́ tó fi hàn pé kọ́pà àti súfúrù tó dà pọ̀ mọ́ ọn ló fa bí ìdènà iná ṣe já wálẹ̀ lójijì. Ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe nìyẹn. Ó máa ń dáhùn ìbéèrè tí o bi í, kì í sọ fún ọ pé ìbéèrè náà kò tọ́.

Ní ti bí ọjọ́ ṣe ń lọ, àárọ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àkójọ àpilẹ̀kọ tuntun ní apá cond-mat (ti condensed matter) lórí ìkànnì arXiv, níbi tí àwọn èèyàn ti ń gbé iṣẹ́ wọn síta láti ọdún 1992 kí jọ́nà tó tẹ̀ ẹ́. Àkọlé ni wọ́n máa ń kà, wọ́n á ṣí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọ́n á ka ọ̀kan dáadáa. Lẹ́yìn náà ni ìṣirò lórí bébà, tàbí títún kóòdù ṣe, tàbí kí ẹni méjì dúró níwájú pátákó kí wọ́n máa jiyàn. Àríyànjiyàn yẹn ṣe pàtàkì ju bó ṣe rí lójú lọ, torí ẹni tó ń dá ṣe é lè máa gbé àṣìṣe kan kiri fún oṣù mẹ́ta. Bí èèyàn ṣe ń dàgbà sí i nínú iṣẹ́, ìṣirò á máa dín kù, kíkọ́ni, kíkọ̀wé béèrè owó ìwádìí, lẹ́tà ìjẹ́rìí fún akẹ́kọ̀ọ́ àti yíyẹ iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn wò á sì máa pọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ ìṣirò ni kì í já sí ibì kankan. Ẹni tí kò bá lè fara da oṣù méjì tí kò mú nǹkan jáde yóò jìyà gan-an nínú iṣẹ́ yìí, bó ti wù kí orí rẹ̀ pé tó.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló wá kù, n kò sì ní í fi bò fún ọ. Lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́, oyè másításì máa ń gba ọdún kan tàbí méjì. Oyè ọ̀mọ̀wé ń gba nǹkan bí ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ní ọ̀pọ̀ ibi ní Yúróòpù, àti márùn-ún sí mẹ́fà ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń wọlé tààrà láti oyè àkọ́kọ́. Má ṣe fi owó ara rẹ ra oyè ọ̀mọ̀wé nínú físíìsì. Ilé ìwé tó fẹ́ ọ gan-an máa ń san owó oṣù fún ọ, bóyá nípa kíkọ́ àwọn kíláàsì kékeré tàbí nípa owó ìwádìí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni postdoc, iṣẹ́ àdéhùn ọlọ́dún méjì tàbí mẹ́ta, tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta, ní ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Asìkò yìí ló le jù. Ọjọ́ orí ìgbéyàwó àti ọmọ bíbí ló sábà máa ń bọ́ sí, bẹ́ẹ̀ ni àdéhùn tuntun gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ kí ti àtijọ́ tó parí, nítorí náà nǹkan bí ọdún kan ṣáájú ni wíwá rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Àyè ọ̀jọ̀gbọ́n kò tó iye àwọn tó ń gboyè. Ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn tó bá gba oyè ọ̀mọ̀wé kì í di ọ̀jọ̀gbọ́n, kì í sì í ṣe torí pé wọn ò mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n ń lọ síbi iṣẹ́ sọ́fíwíà, ìṣirò dátà, ilé ìfowópamọ́, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ṣíìpù kọ̀ǹpútà, tàbí èyí tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà kúáńtọ́ọ̀mù. Bí o bá mọ kóòdù kọ dáadáa, ilẹ̀kùn wọ̀nyí máa ń ṣí. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé kí ẹni tó fẹ́ràn bébà àti bírò nìkan kọ́ kọ̀ǹpútà pẹ̀lú.

Ohun tó máa ń ba iṣẹ́ ọ̀dọ́ jẹ́ jù ni yíyan ọ̀gá, ó ju yíyan kókó lọ. Ọ̀dọ́ máa ń wo orúkọ ńlá. Béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, kì í ṣe lọ́wọ́ rẹ̀: ẹ̀ẹ̀mélòó lọ́sẹ̀ ni ó ń jókòó tì wọ́n, ọdún mélòó ni ẹni tó parí kẹ́yìn lò, ibo sì ni àwọn mẹ́ta tó parí kẹ́yìn wà báyìí. Bí wọ́n bá ń yí ọ̀rọ̀ po lórí ìbéèrè kẹta, fiyè sí i. Ní ti kókó, èyí tí gbogbo ayé ń sáré lé lọ́wọ́lọ́wọ́ máa ń tán kí akẹ́kọ̀ọ́ tó parí oyè rẹ̀. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò bìkítà fún sì máa ń mú kí lẹ́tà ìwáṣẹ́ rẹ̀ má rí ẹni kà á. Àárín méjèèjì ló dára, pẹ̀lú irinṣẹ́ kan tí o mọ̀ débi pé àwọn èèyàn á máa wá ọ wá nítorí rẹ̀. Bí ilé ìwé rẹ kò bá ní ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ICTP, ibùdó físíìsì tíọ́rì ti àgbáyé ní Trieste, ní Ítálì, tí Abdus Salam dá sílẹ̀ lọ́dún 1964, ní ẹ̀kọ́ dípúlómà ọlọ́dún kan tó ní apá condensed matter, fún àwọn ọ̀dọ́ láti orílẹ̀-èdè tó ń dìde. Àwọn fúnra wọn ló ń gbọ́ bùkátà àwọn tí wọ́n bá mú.

N kò lè sọ fún ọ bóyá wàá rí àyè ọ̀jọ̀gbọ́n, torí ohun tó ń pinnu ìyẹn pọ̀ tí kò sí lọ́wọ́ rẹ: ọdún tí o bá jáde, owó tí ìjọba ń ná, ẹni tó fẹ̀yìn tì níbi tí o ti ń wá iṣẹ́. Ọdún tó kù fún ọ yìí ni ọwọ́ rẹ tó. Gba gbogbo kíláàsì lórí kúáńtọ́ọ̀mù, lórí ooru àti ìṣirò ọ̀pọ̀ nǹkan, àti lórí mátíríìsì. Ṣe kóòdù òrùka tí mo júwe lókè. Bí spin 1 bá ti fún ọ ní àlàfo tó dúró, ya àwòrán ìlà méjèèjì sórí bébà kan, spin 1/2 àti spin 1, kí o kọ ojú ewé kan nípa ohun tí o rí àti ibi tí o ti ṣe àṣìṣe. Fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ kan tí o ti ka àpilẹ̀kọ rẹ̀, kí ìbéèrè kan ṣoṣo wà ní ìparí lẹ́tà náà, èyí tí o ti gbìyànjú láti dáhùn fúnra rẹ tí o kò rí i ṣe. Má ṣe kọ “mo nífẹ̀ẹ́ sí ìwádìí yín” síbẹ̀. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú àpótí wọn, wọn kì í sì í dá a lóhùn. Èyí tó ní àwòrán àti ìbéèrè gidi ni wọ́n máa ń ṣí.